ÈWO LẸ̀ Ń MÚ KÚRÒ?

Ibi kíkà wa ni Gálátíà orí 5, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìjọ nípa bíbu ara ẹni jẹ. Ẹ kà á kí ẹ tó máa bá mi lọ. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni mo fẹ́ sọ, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àgbébọ̀ márùn-ún ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé. Lọ́dún tó kọjá mo ra ẹ̀kẹfà lọ́jà, funfun báláú, mo sì jù ú sáàárín wọn lọ́sàn-án gangan. Mo ní ṣebí adìyẹ ni gbogbo wọn, wọ́n á mọ ara wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ogbe orí rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Dúdú kan wà níbẹ̀ tó sanra, òun ló ń lé e kiri. Bí funfun bá sún mọ́ oúnjẹ, á fi ẹnu ṣá a lórí. Bó bá sún mọ́ omi, á tún ṣá a. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú un jáde, mo da àgò bò ó níwájú ilé, mo tọ́jú rẹ̀ títí ọgbẹ́ fi jinná. Nígbà tí mo dá a padà, ńṣe ni wọ́n dìde sí i bíi pé wọn ò rí i rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú un jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti re, kò sì yé ẹyin mọ́.

Màmá àgbà kan ládùúgbò wa, tó ti ń sin adìyẹ kí wọ́n tó bí mi, wá kí mi lọ́jọ́ kan. Ó wo àgò náà, ó ní, “Ìyá Bọ́lá, èwo ló ń ṣá a?”

Mo ní dúdú yẹn ni, mà.

“Èwo lo wá ń mú kúrò?”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Adìyẹ ní ipò láàárín ara wọn. Ọkùnrin ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìyẹ láti kékeré, kọ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1921. Ọ̀kan wà lókè tó lè ṣá gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó lè ṣá a. Èkejì lè ṣá gbogbo wọn àfi ti òkè yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ títí dé ọ̀dọ̀ èyí tí gbogbo wọn ń ṣá, tí òun ò rí ẹni ṣá. Ipò yìí fúnra rẹ̀ ò burú o. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, ìjà á dínkù. Àgbà á kàn wo kékeré lójú, kékeré á yà fún un. Ìgbà tí ọ̀kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí tí ọ̀kan bá jáde ni wọ́n máa ń tún ipò náà tò, ìgbà yẹn sì ni ìjà máa ń le. Funfun tí mo ń mú jáde yìí, ńṣe ni mo ń sọ ọ́ di àjèjì lákọ̀tun. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, dúdú sì wà lórí àga rẹ̀ digbí.

Màmá ní kí n mú dúdú, kí n gbé e sábẹ́ àgò fún bí ọjọ́ mẹ́rin, níbi tí kò ti ní rí àwọn yòókù, kí òun náà wá padà bí àlejò. Kì í ṣe gbogbo adìyẹ ló ń gbọ́ ìyẹn, ó ní àwọn kan á tún padà sí ìwà wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí dúdú wa padà, pupa kan tó ti ń sá fún un tẹ́lẹ̀ ló lé e wọ igun. Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Màmá ò sì jẹ́ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru dúdú. Abọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ni mo ní, abọ́ omi kan, igun kan náà ni méjèèjì wà. Èyí tó bá ti dúró síbẹ̀ ti gba gbogbo ilé. Ó ní kí n gbé abọ́ mìíràn sí òdìkejì, kí n gbé pákó kan dúró láàárín kí funfun lè rí ibi sá sí, kí n so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rọ̀ kí wọ́n rí nǹkan mìíràn fi ẹnu ṣá. Adìyẹ tí àyè há mọ́, tí ooru ń mú, tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, ará ilé rẹ̀ ló máa dojú kọ. Èérí àgbàdo nìkan ni mo sì ń fún wọn látìgbà tí oúnjẹ adìyẹ ti wọ́n. Kò sí ẹja lílọ̀, kò sí sóyà.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ò gba àlàyé. Pupa máa ń fa adìyẹ. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, àní àwọn tí kò bá a jà tẹ́lẹ̀ á dara pọ̀, wọ́n sì lè ṣá a pa. Ẹ mú un jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ ọgbẹ́ náà, ẹ fi oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní GV pa á, á bo pupa náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi sẹ́yìn wáyà nẹ́ẹ̀tì, níbi tí òun àtàwọn yòókù á ti máa rí ara wọn. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún tuntun, bó bá ti dá yín lójú pé ara rẹ̀ dá: ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn wáyà, kí ẹ tó mú un wọlé lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti wọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má mú ọ̀kan ṣoṣo wọlé.

Ẹlòmíràn lè rí ìjọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé mi ni mo rí.

Ọmọ àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn ọmọ mi ò fún un ní ìsinmi, àgàgà èyí àgbà. Bí mo bá gbọ́ igbe, mo máa ń ní, “Wá, wá bá mi nílé ìdáná.” Ibẹ̀ ló ń jẹun. Nígbà tó yá, mo tẹ́ ẹní rẹ̀ sí yàrá mi. Àánú ni mo pè é. Àbúrò mi ti ń sọ lórí fóònù pé kí n kúkú jẹ́ kí ọmọ òun padà sílé, mo sì ti fẹ́ẹ̀ gbà.

Ní Sátidé kan mo gbé ẹní ọmọ náà padà sí yàrá àwọn ọmọ. Ọmọ mi àgbà ló wá sùn lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ mẹ́rin. Mo ra abọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, torí àwo kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé síwájú wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n jọ jẹ ẹ́, èyí tó bá lágbára á sì kó ẹran.

Ọmọ náà ò tíì máa rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n lánàá mo gbọ́ tó ń bá wọn jiyàn lórí ẹran, ohùn rẹ̀ lọ sókè. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mi ò wọlé. Funfun náà ti ń yé ẹyin.

Tí ẹ bá ní adìyẹ lẹ́yìn ilé, ẹ ka abọ́ wọn kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́.