Kámẹ́rà Kì í Fọn Fèrè

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ní Àrámọ̀kọ gba òwe yìí gbọ́ débi pé ó lọ ra ojú mẹ́rin. Ó gbé kámẹ́rà kọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé tó ń kó kòkó sí, ó so wọ́n mọ́ fóònù rẹ̀, ó wá ní kí bàbá ọdẹ tó ti ń ṣọ́ ibẹ̀ látọdúnmọ́dún máa lọ sílé. Owó oṣù bàbá ló fẹ́ fi dí owó kámẹ́rà.

Òru ọjọ́ tí kò síná ni olè dé. Wọ́n kó kòkó, wọ́n sì tú àpótí tí kámẹ́rà ń gba àwòrán sí, wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, mo gbójú sókè wo ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà náà: aláǹtakùn ti ta bò ó. Iná inú rẹ̀ ló ń pe kòkòrò lóru, kòkòrò ló ń pe aláǹtakùn, àwòrán á wá funfun bíi kùrukùru. Ìgbálẹ̀ bàbá ọdẹ ì bá ti gbá ìyẹn kúrò láti ọjọ́ pípẹ́.

Inú bí mi, n kò ní parọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun ìgbàlódé. Nígbà ogun Kírìjì, tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí wà nídìí rẹ̀, ìbọn Snider tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí Èkìtìparapọ̀ lè dúró de Ìbàdàn títí dìgbà àdéhùn ọdún 1886. Ṣùgbọ́n ìbọn náà kò dá wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn ló bá a wá.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 tí àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò àti Elésùn, lójú ọ̀nà ní Èkìtì wa yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fò lókè ló kún ẹnu àwọn ènìyàn. Ó dáa. Ẹ̀rọ lè rí agbébọn láti òkè, ẹsẹ̀ ènìyàn ló máa lé e bá nínú igbó. Ìdí tí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá fi gbé ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 nìyẹn: wọ́n fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ọdẹ tó mọ igbó àti òkè láti Ìtawùrẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó sì mọ̀ pé àjèjì tó ń ra ogún búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan ní oríta kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń rà á fún. Kámẹ́rà wo ló máa fura sí búrẹ́dì?

Ká sòótọ́, òwe alákàn kò parí ọ̀rọ̀. Ẹ na ọwọ́ sí alákàn wò. Ẹsẹ̀ ńlá iwájú méjèèjì ló máa fi gbá yín mú. Bí ọ̀ràn bá sì jù ú lọ, á sá wọ ihò. Alákàn tó ní ojú nìkan, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ.

Nítorí náà, ẹ ra kámẹ́rà. Ẹ fi bátìrì tàbí sólà sí i, ẹ gbé àpótí àwòrán pamọ́ síbi tí olè kò ní tètè rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ mẹ́gáàdì yín bí wọ́n ṣe ń wò ó, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì àti fèrè fún un, ẹ sì san owó rẹ̀ bí oṣù bá ti parí, torí mẹ́gáàdì tí ebi ń pa mọ ọ̀nà ilé yín ju olè lọ. Kí nọ́ńbà DPO ọlọ́pàá, ti Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò àti 112 tí à ń pè nígbà pàjáwìrì wà lára ògiri níbi tó ń jókòó sí.

Lálẹ́ òní, kí o tó wọlé sùn, bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ pé bí olè bá dé, ta ni yóò pè, ṣé káàdì sì wà lórí fóònù rẹ̀. Bí kò bá ní èsì fún ọ, ìwọ ni kó o jáde lọ ra káàdì.