Àlọ́ Tó Wọ Aṣọ Ìtàn

Èmi ló kàn láti kọ abala ẹ̀kọ́ sára pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí ìṣirò tàbí gírámà. Rárá o. Ìwé ìtàn àròsọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó dùn mọ́ mi débi pé òun ló jẹ́ kí n gba 9 nínú 20 nínú tẹ́ẹ̀sì ìtàn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀

Tíṣà wa bi wá pé kí ló bẹ̀rẹ̀ Ogun Àgbáyé Kìíní. Ara mi yá gágá. Ṣebí mo ti ka odindi ìwé mẹ́ta lórí ogun yẹn! Mo mú báírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo kọ ọ́ pé wọ́n fi májèlé pa Franz Ferdinand, àrẹ̀mọ ilẹ̀ Austria-Hungary, àti aya rẹ̀. Pé Alek, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sá gba inú igbó lọ sí Switzerland lóru. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi bébà sílẹ̀. Mo tún ń fi ojú àánú wo àwọn tó ṣì ń jẹ ìdí báírò.

Nígbà tí bébà mi padà dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni báírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ta ni Alek?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń pè mí ní Alek. Ilé ńkọ́? Bàbá mi wo máàkì náà, wọ́n ní kí n lọ kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, pé ojú mi ò ní kàn wọ́n mọ́ títí a ó fi ṣe ìdánwò tán. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo lọ bá tíṣà, mo ní ìwé ló tàn mí jẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwé kankan ò tàn ọ́ jẹ. Ìwọ ni o ò kà á tán." Òótọ́ ni. Ní ìparí ìwé kọ̀ọ̀kan, òǹkọ̀wé náà fi ojú ìwé mélòó kan ya ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òun fúnra rẹ̀ hun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fo ibẹ̀. Mo bẹ Bàbá mi, wọ́n gbà kí n ka ojú ìwé ìparí wọ̀nyẹn nìkan, ní pálọ̀, lójú wọn.

Kí ló wà nínú ìwé náà?

Scott Westerfeld, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Mẹ́ta ni: Leviathan jáde ní 2009, Behemoth ní 2010, Goliath ní 2011. Keith Thompson ló ya àwòrán inú wọn. Irú ìtàn báyìí ni wọ́n ń pè ní steampunk. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ K. W. Jeter ló dá orúkọ náà sílẹ̀ ní 1987. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Ẹ ronú nípa rélùwéè àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901: wọ́n ń da èédú síná, iná ń hó omi, oru omi sì ń ti irin. Ẹnì kan wá jókòó, ó ní, "Ká ní rélùwéè yìí ní itan àti orúnkún, kó máa rìn bí èèyàn ńkọ́?" Ibẹ̀ ni steampunk ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayé àwọn baba ńlá wa ló máa ń mú, á wá kó ẹ̀rọ tí àwa gan-an ò tíì ní sínú rẹ̀.

Ọdún 1914 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì sì ni òǹkọ̀wé pín ilẹ̀ Yúróòpù sí. Àwọn Clanker, ìyẹn Jámánì àti Austria-Hungary, irin ni tiwọn: ọkọ̀ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń mu epo, tó ń tú èéfín. Àwọn Darwinist, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà, ẹranko ni tiwọn: wọ́n ń lọ́ ẹ̀yà ẹranko kan mọ́ òmíràn títí á fi di ohun èlò ogun. Leviathan fúnra rẹ̀, àbùùbùtán tó ń fò ni! Háídírójìn, tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ló kún inú rẹ̀. Oyin ń wá oúnjẹ fún un. Àdán ń gbé irin ṣóńṣó mì, wọ́n sì ń ṣu ú lé ọ̀tá lórí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni alángbá tó ń jẹ́ iṣẹ́: á sáré gba ara ògiri lọ bá ẹni tí wọ́n rán an sí, á sì fi ohùn ẹni tó rán an gan-an sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wo irú alángbá bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé wa!

Ọmọ ọdún 15 méjì ló wà láàárín gbogbo èyí. Alek ni ọmọ àrẹ̀mọ tí wọ́n pa òbí rẹ̀. Ó ń sá kiri, kò sì gbọdọ̀ sọ orúkọ ara rẹ̀. Deryn jẹ́ ọmọbìnrin ará Scotland. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ológun òfuurufú, wọn ò gba obìnrin, ló bá wọ ṣòkòtò, ó ní Dylan ni òun ń jẹ́. Ìtàn náà á tẹ̀lé Alek díẹ̀, á tún padà sọ́dọ̀ Deryn. Ìwọ tí ò ń kà á lo mọ àṣírí àwọn méjèèjì. Àwọn fúnra wọn ò mọ ti ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ibì kan. Leviathan já bọ́ sórí yìnyín ní òkè Switzerland, nítòsí ibi tí Alek sá pamọ́ sí. Ọkọ̀ ọ̀tá ni. Volger, àgbàlagbà tó ń tọ́ Alek sọ́nà, kò fẹ́ kó dá sí i. Ọmọ náà gbé oògùn, ó dá rìn lórí yìnyín lóru lọ bá wọn, torí kò lè jókòó kó máa wo èèyàn tí òtútù fẹ́ pa. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àwọn Clanker ni wọ́n tú, tí wọ́n so mọ́ àbùùbùtán àwọn Darwinist, kí gbogbo wọn tó lè fò kúrò níbẹ̀. Irin àti ẹranko, ọ̀tá àti ọ̀tá, nínú ọkọ̀ kan.

Apá òsì, apá ọ̀tún

Tíṣà ní kí n fa ìlà sáàárín ojú ìwé nóòtù mi. Apá òsì wà fún ohun tí ìwé sọ, apá ọ̀tún fún ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ síbẹ̀.

Ikú tọkọtaya náà. Ìwé sọ pé májèlé ni. Lóòótọ́, ọjọ́ Sunday, 28 oṣù kẹfà 1914, ni ẹnì kan ju bọ́ǹbù sí mọ́tò wọn ní Sarajevo. Kò pa wọ́n. Kò pẹ́ sígbà náà ni Gavrilo Princip, ọmọ ọdún 19, yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Nígbà tó pé oṣù kan gééré, Austria-Hungary kéde ogun sí Serbia.

Darwin. Ìwé sọ pé Charles Darwin rí okùn tí ẹ̀mí fi ń hun ara, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u hun. Darwin gidi kú ní 1882. Ọdún 1953 ni Watson àti Crick ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé bí DNA ṣe rí. Àmọ́ Dókítà Nora Barlow, obìnrin onímọ̀ tó wọ ọkọ̀ náà, gbé láyé lóòótọ́. Ọmọ-ọmọ Darwin ni, ìmọ̀ nípa ewéko ló kọ́. Kò gun àbùùbùtán rí.

Ọkọ̀ ogun ojú omi Goeben àti Breslau tó wà nínú ìwé kejì. Mo rò pé irọ́ ni. Òótọ́ ni! Ọkọ̀ Jámánì ni méjèèjì, wọ́n sì sá wọ ilẹ̀ Tọ́kì ní oṣù kẹjọ 1914.

Nikola Tesla, nínú ìwé kẹta, ní ẹ̀rọ òun ló wó igbó ńlá kan ní Siberia. Igbó náà wó lóòótọ́, ní 30 oṣù kẹfà 1908, ní Tunguska. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé òkúta láti ojú ọ̀run ló bú gbàmù lókè níbẹ̀. Tesla náà gbé láyé, ó sì kọ́ ilé gogoro kan nítòsí New York láti fi ránṣẹ́ láìlo wáyà. Wọ́n wó o ní 1917.

Alek. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni. Kò sí Alek. Ọmọ mẹ́ta ni Franz Ferdinand bí: Sophie, Maximilian àti Ernst. Èyí tó dàgbà jù kò tíì pé ọdún 13 lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù bàbá àti ìyá lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ìdílé ọba ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n jọba, torí wọ́n ní ìdílé ìyá wọn kò tó ti ọba. Ní 1938, ìjọba Hitler kó Maximilian àti Ernst lọ sí àgọ́ ẹ̀wọ̀n Dachau. Wọ́n jáde láàyè.

Nígbà tí mo kọ ìyẹn sí apá ọ̀tún, mo pa nóòtù dé, mo dákẹ́. Mo ti sunkún nítorí Alek tí kò wáyé rí, mi ò sì mọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó wáyé. 9 nínú 20 yẹn ò dùn mí tó báyìí.

Ibi tí àbùùbùtán náà ò dé

Ìwé náà rin Yúróòpù, Tọ́kì, Siberia, Jàpáànì, Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mo wá bi tíṣà pé, ṣé ogun náà ò dé Áfíríkà ni? Wọ́n ní kí n lọ wo máàpù Togo.

Jámánì ló ń ṣèjọba Togo nígbà náà. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, níbi tí àwọn ẹ̀yà Yorùbá tí à ń pè ní Ifẹ̀ tàbí Ana wà, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá tó ń bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀ láti ibí. Ní 7 oṣù kẹjọ 1914, Alhaji Grunshi, sójà láti Gold Coast, yìnbọn ní Togo. Òun ni àkọsílẹ̀ sọ pé ó kọ́kọ́ yìnbọn lórí ilẹ̀ nínú gbogbo sójà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun náà. Ọmọ Áfíríkà ni o. Lóru 24 mọ́jú 25 oṣù yẹn, àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba Kamina jẹ́ kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní 26, wọ́n túúbá.

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ rí i? Òpó gíga gogoro, ọ̀rọ̀ tó ń fò gba òfuurufú kọjá, ogun tó ń bọ̀ láti etí òkun: gbogbo ohun tí steampunk ń wá ló wà nítòsí wa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ. Alángbá wà níbẹ̀, Ana ló sì ń sọ.

Àlọ́ o! Àlọ̀!

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, ìtàn, là ń lò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ àti fún ìwé àròsọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àlọ́ ni àwọn àgbà fẹ́ pa, wọ́n á kọ́kọ́ ké e: "Àlọ́ o!" Àwa náà á dáhùn: "Àlọ̀!" Gbogbo ọmọ tó jókòó ti mọ̀ pé ìjàpá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà tó máa lọ wá igbó náà nínú máàpù. Westerfeld ò ké àlọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó fún wa ní ọdún tòótọ́, ìlú tòótọ́, orúkọ tòótọ́. Ìparí ló tó ké e. Èmi tí mi ò dúró de ìparí, mo gbé àlọ́ lọ fún tíṣà.

Ṣé àṣírí tó tú yìí ba adùn ìwé náà jẹ́? Ó tún fi kún un ni. Báyìí, mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi yí èyí padà? Kí ló dé tó fi pa ọmọ mẹ́ta rẹ́, tó fi ẹyọ kan rọ́pò wọn? Torí ọmọ ọdún 10 kò lè wa ọkọ̀ ogun ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Ibi tí apá òsì ti yàtọ̀ sí apá ọ̀tún, ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ọwọ́ òǹkọ̀wé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Máàkì mi ò yí padà o, 9 náà ni. Ṣùgbọ́n Bàbá mi wo nóòtù mi, wọ́n dá ìwé méjì padà. Ìkẹta ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo rò pé ìyà ló kù, àfi ìgbà tí wọ́n pè mí lánàá tí wọ́n bi mí pé, "Tesla yìí, apá wo lo kọ ọ́ sí?"

Ìbéèrè fún ẹ̀yin òǹkàwé

1. Mú ìwé àròsọ kan tó lo ìlú tàbí èèyàn tòótọ́. Kọ ohun mẹ́ta sí apá òsì, mẹ́ta sí apá ọ̀tún.
2. Kí ló dé, lérò tìrẹ, tí òǹkọ̀wé fi yí ọ̀kan nínú wọn padà?
3. Ìṣẹ̀lẹ̀ wo nílùú tìrẹ lo rò pé ó lè di steampunk?

Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí tó wà lábẹ́ pátákó. Ẹni tó bá sì tún pè mí ní Alek, orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ni mo máa kọ́kọ́ bi í.