Ṣẹ́ Ẹ Kó O Tó Rán An

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ káàkiri Festac Town, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sábà máa ń jáde lẹ́nu oníbàárà: “Ẹ bá mi rán an.” Bùbá ni o, kọ́tìnnì ni o, aṣọ tó ya ni o, “ẹ bá mi rán an” náà ni. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ gba àárín tábìlì oúnjẹ kọjá, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní rọ́nà, kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣahun tó bẹ́ẹ̀.

Ìlú tí ìjọba kọ́ de àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, kò lè ṣàìjẹ́ ìlú àdàlù èdè. Ilẹ̀ Àwórì ni Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí Festac Town wà, síbẹ̀ Ígbò, Ègùn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ló jọ ń gbé ibẹ̀, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ẹnu àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rọ́nà, bó ti kéré tó un, kò sí ibi tí Yorùbá kò ti ní ọ̀rọ̀ fún un.

Omi ló yẹ kí ankara tí a fẹ́ fi ṣe rọ́nà kọ́kọ́ rí. Òwú máa ń súnkì ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá gé e kó tó súnkì ti fi íǹṣì ṣòfò nìyẹn. Ọ̀pá aṣọ méjì, ìyẹn 72 íǹṣì, tí a bá là á ní gígùn sí 14 íǹṣì níbùú, rọ́nà mẹ́ta á jáde. Àlùmọ́gàjí ni irinṣẹ́ tí à ń fi là á, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Hausa, tí sísọ́ọ̀sì ti fẹ́ gba ipò rẹ̀ tán.

Ibi etí aṣọ ni ọ̀rọ̀ wà jù. A kì í rán etí, ṣíṣẹ́ ni à ń ṣẹ́ ẹ, ibi tí a sì ṣẹ́ náà ni ìṣẹ́tí. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá kò lè ṣàjèjì sí i: ìṣẹ́tí aṣọ Jésù ni obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Mátíù orí 9 fọwọ́ kàn. Ìṣẹ́po méjì ni rọ́nà ń fẹ́. Ẹ ṣẹ́ ìlàjì íǹṣì, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ẹ tún ṣẹ́ ìlàjì íǹṣì mìíràn lé e, kí ojú ibi tí a gé lè sá pamọ́ sínú. Ojú ibi yẹn ni òwú ti ń tú. Tí ìṣẹ́po bá jẹ́ ẹyọ kan, kò ní pẹ́ tí òwú á fi máa yọ létí rẹ̀ bí irun àgbàdo.

Lẹ́yìn náà la ó gán an. Gán ni ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó ń fo gàlàgàlà, tí a ó tú dànù bí iṣẹ́ bá parí. Kì í ṣe rírán. Ìgbà tí maṣíìnì bá gba orí ìṣẹ́tí kọjá, tó lọ síwájú, tó padà sẹ́yìn díẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí kí òwú má baà já, ìgbà yẹn la tó rán an. Ẹ má sì fi rán pe ran: ìrànwú ni àwọn ìyá àgbà fi ń ran òwú.

Aṣọ tó bá fara da omi àti ọṣẹ ni à ń pè ní aṣọ tó tọ́, tàbí tó tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú òwe: àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́, ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀, yóò ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ. Èyí dùn létí ju “aṣọ yìí máa láàsì” tí à ń gbọ́ kiri lọ.

Bí rọ́nà bá jẹ́ adìrẹ aláró, òun nìkan ni kí wọ́n fọ̀, torí aró rẹ̀ á máa jáde sínú omi. Abẹ́ ibòji ni kí wọ́n sá a sí, nítorí aṣọ aláró tí a bá sá sínú oòrùn gangan á ṣá. Ará Ìbàdàn tí í pe ṣ ní s á ní láti fara balẹ̀ níbí.

Kí ẹni tó ń kọ̀wé náà ṣọ́ àmì ohùn. Fọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn náà á gòkè sí àárín: a ó ní “fọ̀ ọ́”, a ó sì ní “fọ rọ́nà”, “fọ àwo”. Fọ́ olóhùn òkè kì í yí padà. Nítorí náà, ìwé pélébé tí a bá kọ “lọ fọ́ àwo” sí, tí a fi sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ lórí tábìlì, iṣẹ́ mìíràn pátápátá la fi rán an.