Kí Ẹ Tó Gé Ẹ̀yà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń to ọkọ̀ ike, mo rí ohun tí ọ̀kan nínú yín ṣe ní Sátidé tó kọjá. Ó gbé páálí tuntun wá sílé mi ní London níbí, ó fi eyín fa náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ya, ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì, kí n sì tó po tíì tán ó ti lọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí tó fi já kúrò lára igi ike tó so àwọn ẹ̀yà pọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú páálí náà. Èyí tó fẹ́ lò kọ́ ló já, èyí tó já náà sì ti ya létí. Mi ò bá a wí. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọwọ́ mi ṣì yá ju ojú mi lọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ò mọ iyì ọjọ́ tí ẹ ṣí páálí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ náà máa pé síwájú yín lára igi wọn, tí ẹ ò tíì ba nǹkan kan jẹ́, tí ẹ ò sì tíì yàn. Láti ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ AMT ní Amẹ́ríkà ti ń ta páálí mẹ́ta-nínú-ọ̀kan: ẹ lè to ọkọ̀ náà bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, ẹ lè dá ọ̀ṣọ́ tiyín sí i lára, ẹ sì lè sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nínú páálí yẹn títí ẹ ó fi gbé abẹ. Bí ẹ bá ti gé, ó di ọ̀kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni mo máa ń ṣí páálí tèmi, nígbà tí kò sí ẹni tó máa pè mí mọ́. Mo máa ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, torí lẹ́ńsì iná ẹ̀yìn ọkọ̀ lè má tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, bó bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dàwátì nìyẹn. Mo máa ń fi ẹnu abẹ la náílọ́ọ̀nù lábẹ́ etí ọmọrí, kí n má baà kọ àwòrán ojú rẹ̀ nílà. Mo máa ń gbóòórùn ike tuntun náà. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ọdún sínú ọmọrí. Ọ̀rẹ́ mi kan kò lè ṣí páálí láìjẹ́ pé orin Ebenezer Obey ń lọ lábẹ́lẹ̀. Òmíràn máa ń gbàdúrà kúkúrú, ó sì máa ń wẹ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó ti oúnjẹ. Kí kálukú yín wá tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá dá ọwọ́ yín dúró fún wákàtí àkọ́kọ́ yẹn, ó dára lójú mi.

Ohun tí mi ò fọwọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni fò ni ti táyà. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín. Níbi ìpàtẹ Scale ModelWorld tó máa ń wáyé ní Telford lóṣù Kọkànlá ọdọọdún, mo ra páálí àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí. Mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin títí mo fi délé. Nígbà tí mo ṣí i, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Mo rọra fà wọ́n kúrò. Gbogbo ibi tí táyà fara kàn ti yọ́, ojú táyà sì hàn ketekete lára gíláàsì bí ẹni fi èdìdì lu ìwé. Òróró tí wọ́n máa ń pò mọ́ irú táyà bẹ́ẹ̀ kó lè rọ̀ ló máa ń jáde díẹ̀díẹ̀, tó sì máa ń jẹ ike tó bá kàn. Kì í ṣe gbogbo táyà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ojú mọ èyí tó máa ṣe é. Nítorí náà, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde, kí ó sì ní náílọ́ọ̀nù tirẹ̀, kó jìnnà sí gíláàsì àti sí wíìlì. Kódà bí ẹ ò bá ní to ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá, ẹ ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ rà á.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Igi kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ tẹ́ ìwé ìtọ́nisọ́nà sílẹ̀, kí ẹ máa fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gé gbogbo ẹ̀yà páálí kan tán rí kí n tó wá lẹ́ńsì iná iwájú kan tì. Ṣé àwọn tó ṣe é ni kò fi sí i ni, àbí èmi ni mo sọ ọ́ nù? Mi ò lè búra. Ojú tì mí láti kọ̀wé sí wọn, ọkọ̀ olójú kan sì ni ọkọ̀ náà títí dòní.

Ẹ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wo ọ̀dà tó ń béèrè. Nínú ti Tamiya, ilé iṣẹ́ ará Shizuoka ní Japan, ẹ lè rí X-1 àti XF-1 lójú ewé kan náà. Dúdú ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń dán, èkejì kò dán. Ẹni tó bá sáré kà á máa kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí bàtà tuntun.

Bí ẹ ti ń kà á ni kí ẹ pinnu ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ tò. Volkswagen kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá nílé ni bàbá mi wà ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí páálí Ìjàpá, mo kàn jókòó ni, mo ń wo ẹ́ńjìnnì tó máa ń wà lẹ́yìn. Dáṣíbọ́ọ̀dù méjì ló wà lára igi, ọ̀kan fún sítíárìn apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún. Ọwọ́ mi ti fẹ́ lọ síbi ti apá òsì, nítorí bó ṣe rí ní Nàìjíríà báyìí nìyẹn. Àfi bí mo ṣe rántí pé ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, bàbá mi sì ti ra tirẹ̀ ṣáájú. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Mo rí ọwọ́ bàbá mi lórí rẹ̀ bí mo ṣe jókòó yẹn. Bó bá jẹ́ pé mo ti gé, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ǹ bá tò.

Ẹ wá gbé bọ́dì sókè sí iná. Ẹ má ṣe di òpó gíláàsì iwájú mú, kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ó sì máa kán. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ṣàn lórí rẹ̀. Ẹ ó rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé kọjá sísàlẹ̀: ibi tí apá méjì mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi rọ ike náà ti pàdé ni. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ìdá 25 ọkọ̀ gidi, mílímítà 1 lára tiyín jẹ́ mílímítà 25 lára tòótọ́. Ìlà tí ẹ̀ ń fojú kéré yẹn máa dà bí okùn tó sùn lórí òrùlé. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ọjọ́ mìíràn ni ẹ ó fi sáńpépà sí i.

Fífọ̀ ló kàn. Wọ́n lè fi ohun tí ń yọ̀ sínú mọ́ọ̀dù kí ike lè bọ́ jáde láìlẹ̀, ọ̀rá ọwọ́ wa náà sì tún máa kún un. Ọ̀dà tó bá bá ọ̀rá pàdé máa sá kúrò níbẹ̀ bí omi ṣe ń yí lórí ewé kókò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé páálí òde òní kò nílò rẹ̀ mọ́. Èmi ń fọ̀ ọ́. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kò gbọdọ̀ hó, torí ike yìí máa ń rọ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ bo ojú ihò síìnkì. Ẹ yọ àwọn ẹ̀yà tó ń dán bíi díńgí sọ́tọ̀. Àwòrán alẹ̀mọ́ ni kí ẹ tọ́jú jùlọ: ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sáàárín ìwé, kó jìnnà sí omi pátápátá. Bó bá ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí, ẹ fi í sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé kí oòrùn lè fọ̀ ọ́. Ní London níbí, ó lè gbà yín ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Oòrùn Ìbàdàn ì bá ti parí ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ má fi aṣọ nu àwọn ẹ̀yà tí ẹ fọ̀, fọ́nrán rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ wọn. Gọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ jáde nínú dúróà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi máa ń to àwọn igi sórí aṣọ ìnura, mo máa ń gbé bọ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí omi inú rẹ̀ lè ro, mo máa ń pa iná, mo sì máa ń lọ sùn.