Láti Inú Gbòǹgbò Padà sí Ìdọ́gba

Ẹ pín 10 sí ọ̀nà méjì, kí ìsọdipúpọ̀ méjèèjì sì jẹ́ 40. Gerolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ni ó gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Ars Magna, ní ọdún 1545. Bí a bá pín 10 dọ́gba, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Ìpín mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Cardano kọ ìdáhùn sílẹ̀: 5 + √−15 àti 5 − √−15. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ọgbọ́n jíjinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pé kò wúlò.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, √−15 yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, yóò ku 10. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 25 − (−15), èyí tí í ṣe 40. Kò sí ohun mìíràn tí a nílò láti ti inú gbòǹgbò padà sí ìdọ́gba kuadirátíìkì. Ìdí ni pé (x − gbòǹgbò kìíní)(x − gbòǹgbò kejì) = 0; bí a bá tú àkámọ́ náà, a ó rí x², a ó yọ àròpọ̀ gbòǹgbò lọ́nà x, a ó sì fi ìsọdipúpọ̀ wọn kún un. Ìdọ́gba Cardano nìyí: x² − 10x + 40 = 0. Àmì òdì tí ó ṣáájú àròpọ̀ ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé jù.

Ní ọdún 1572, Rafael Bombelli fi òfin ìṣirò irú nọ́mbà wọ̀nyí lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Euler fi i dúró fún √−1. Ẹ̀yin ẹnjiníà mànàmáná àárín wa, tí ẹ máa ń kọ j dípò i, mọ̀ bóyá ó wúlò tàbí kò wúlò.

Nígbà mìíràn, gbòǹgbò kan péré ni ìbéèrè yóò fún ọmọ, bíi 3 + 2i, pẹ̀lú àlàyé pé nọ́mbà gidi ni gbogbo nọ́mbà inú ìdọ́gba náà. Ọmọ mìíràn yóò máa wá gbòǹgbò kejì kiri, yóò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ti wà ní ọwọ́ rẹ̀. Gbòǹgbò kejì gbọ́dọ̀ ní −2i, kí i lè kúrò nínú àròpọ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní 3: bí ẹ bá fi 5 − 2i dán an wò, ìsọdipúpọ̀ yóò di 19 + 4i, i ti tún yọjú. Nítorí náà, 3 − 2i ni. Àròpọ̀ jẹ́ 6, ìsọdipúpọ̀ jẹ́ 9 + 4, ìyẹn 13; ìdọ́gba náà sì ni x² − 6x + 13 = 0.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ yín ní 1 − 4i nìkan ní alẹ́ òní. Bí ó bá mú x² − 2x + 17 = 0 wá, ẹ bi í léèrè bí ó ṣe mọ gbòǹgbò kejì.