Iná Mànàmáná Nínú Ilé Tí A Pín

Ní ìlú Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ilé ńlá ni ó wà tí àwọn baba kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo, tí àwọn ọmọ wọn sì ti pín sí fúláàtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún àwọn ayálégbé. Ní àdúgbò Táńkè pàápàá, ní ọ̀nà Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá. Ògiri ni a kọ́kọ́ fi ń pín ilé. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ní ìkẹyìn, nígbà tí owó ti ń tán lọ, ni a ń ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jùlọ ni ó sì ń gba iṣẹ́ náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ewu irú iṣẹ́ yìí ni pé ojú kì í rí i. Bí káfíńtà bá gbé ilẹ̀kùn wọ́, onílé yóò rí i kí ó tó sanwó. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ti bo wáyà, gílóòbù sì tàn, gbogbo ènìyàn sì dúpẹ́. Títàn gílóòbù kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà dára. Wáyà tí kò ní láárí pàápàá lè tan gílóòbù. Ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni a ń mọ irú rẹ̀.

Kí olùkàwé ṣírò rẹ̀ wò. Iná tí ń wọ inú ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòlùtì. Kẹ́tù oníná lè gba 2,000 wáàtì, sítóòfù oníná 2,000, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ 1,000. Bí a bá tan gbogbo wọn pọ̀, 5,000 ni. Bí a bá fi 230 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22 ámpíà. Wáyà tí àwọn olùtajà ń pè ní 1.5 jẹ́ ti gílóòbù, 2.5 jẹ́ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ni ó yẹ sítóòfù ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iná tí ń gba inú wáyà kọjá bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà. Nígbà tí ilé náà jẹ́ ti ìdílé kan, kẹ́tù kan ni ó wà níbẹ̀. Nísinsìnyí kẹ́tù mẹ́ta ni ó wà lórí wáyà àtijọ́ kan náà. Bí iná bá sì dé lẹ́yìn tí ó ti lọ láti àárọ̀, gbogbo ilé ni yóò sáré lọ lọ aṣọ, tí wọn yóò sì fa omi, lójú ẹsẹ̀ kan náà.

Ayédèrú wáyà sì wà lọ́jà, tí a fi bàbà bò lójú nígbà tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, bí a bá sì fi ọ̀bẹ ha á, yóò funfun.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a ṣọ́ nìwọ̀nyí: bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbóná, bí òórùn rọ́bà jíjó bá ń jáde lára ògiri, bí gílóòbù bá ń ṣú nígbà tí a bá tan áyọ́ọ̀nù, bí ara fíríìjì bá ń ta ènìyàn lọ́wọ́, tàbí bí bírékà bá ń já nígbà gbogbo. Bírékà tí ń já ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó yọ ọ́ tí ó fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò dàbí ẹni tí ó pa ajá nítorí pé ó gbó olè.

Àléébù kan wà tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Nínú ilé tí fésì mẹ́ta wọ̀, ayálégbé kan lè wà lórí fésì kìíní, èkejì lórí fésì kejì, kí wọ́n sì jọ máa lo wáyà ìpadà kan ṣoṣo. Láàárín fésì méjì, 400 fóòlùtì ni ó wà. Bí ìsopọ̀ wáyà ìpadà náà bá já, 400 yìí yóò pín ara rẹ̀ sórí ohun èlò fúláàtì méjèèjì. Ẹni tí ohun èlò rẹ̀ kò gba iná púpọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù yóò bọ́ sí lọ́wọ́, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ yóò sì jóná. Ilé iṣẹ́ oníná ni gbogbo wọn yóò sì máa bú. Ṣùgbọ́n IBEDC, tí ó gba iṣẹ́ pípín iná ní Kwara lọ́wọ́ PHCN ní ọdún 2013, kì í ṣe òun ni ó ni wáyà tí ó wà lẹ́yìn mítà. Ti onílé ni.

Kí ayálégbé tí ó bá rí àmì wọ̀nyí má ṣe tú ohunkóhun. Kí ó pa bírékà yàrá náà, kí ó kọ̀wé sí onílé, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i. Kí onílé pẹ̀lú má ṣe kọ́kọ́ bá oníṣẹ́ jà. Kí ó pe ẹlòmíràn tí NEMSA ti fún ní ìwé ẹ̀rí, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ iṣẹ́ iná wò, kí ẹni náà dán gbogbo wáyà wò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Nígbà náà ni kí a pe oníṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, kí a tú ibẹ̀ lójú rẹ̀. Òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún ẹni tí ó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a tún iṣẹ́ tí kò dára ṣe, tàbí kí a dá apá kan owó rẹ̀ padà. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ onílé láti béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ oníṣẹ́, nítorí pé ọmọ àdúgbò ni, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni. Ojú yìí ni ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ sùn sábẹ́ àjà tí ń jó lọ́wọ́.

Wáyà tí ń gbé iná tí ó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fò, nítorí gílóòbù yóò tàn láìsí i. Kí a dán irin rẹ̀ wò ní oṣù Kejì, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú ilẹ̀ Ìlọrin le, nítorí irin tí ó ń ṣiṣẹ́ dáradára nígbà òjò lè má ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a sì fi bírékà tí ń gé iná kún un, irú èyí tí ń já bí iná tí ó ṣìnà bá tó ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà kan.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí oníṣẹ́ ya àwòrán ọ̀nà tí wáyà gbà nínú ògiri kọ̀ọ̀kan, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí bírékà, kí ayálégbé tí ó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri lè mọ ibi tí òun kò gbọdọ̀ kàn án sí.