Àpótí Ìmọ̀: Òkè Tí Wọ́n Ti Ń Wọn Èémí Ayé

Oṣù kẹta ọdún 1958 ni ẹ̀rọ Charles David Keeling, ti ilé ìwádìí Scripps ní Yunifásítì California, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú mílíọ̀nù kan wóró afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni gáàsì yìí nígbà náà. Ó ti ju 420 lọ báyìí, nítorí epo àti èédú tí à ń sun.

Ẹ wo ìlà tí wọ́n fi ya ìwọ̀n gáàsì náà dáadáa: ó ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún, bí àyà ẹni tó ń mí. Bí igi bá rúwé ní àríwá ayé, á fa gáàsì náà mu. Bí ó bá wọ́wé, gáàsì á tún gòkè. Ó dùn mí pé àìtó owó dá iṣẹ́ wíwọn gáàsì yìí dúró fún oṣù mélòó kan ní 1964. Keeling kú ní 2005. Ralph ọmọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà.